Ẹni tí Ó Ní Òun Kò Dá sí Ìjà

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, òwe àwọn àgbà wa kan sọ pé, bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn ní òru. Òwe yìí kì í ṣe ti agbo ilé nìkan. Ti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ni pẹ̀lú. Nínú ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ ó rí orílẹ̀-èdè kan tí ó ní òun kò dá sí ìjà, tí ìjà sì wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ ó rí òmíràn tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè bóyá ó fẹ́ jà tàbí kò fẹ́. Ẹ ó sì rí àgbẹ̀ kan tí kò ní ìbọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí ó yan ìhà tí òun yóò wà nígbà tí yíyàn lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn bí ẹ ti ń kà á lọ.

Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn bàbá wa ń pè ní Ogun Hitler, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1939, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ya wọ ilẹ̀ Pólándì. Ní ọjọ́ kẹta oṣù náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn ń bá Jámánì jagun. Lábẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà wà nígbà náà. Nítorí náà, ìkéde kan ṣoṣo tí a ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù fa àgbẹ̀ Ọ̀wọ̀, oníṣòwò Èkó àti darandaran Sókótó wọ inú ogun ní ọjọ́ kan náà. A kò bi àwọn ará ìlú léèrè.

Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kan wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó lè dáhùn fún ara rẹ̀: Làìbéríà, tí ó ti wà ní òmìnira láti 1847. Ààrẹ Edwin Barclay àti ìjọba rẹ̀ kéde pé àwọn kò gbè sí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Ìwà òmùgọ̀ kọ́ ni èyí. Ilẹ̀ kékeré ni ilẹ̀ wọn. Ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń ṣàkóso ni ó yí wọn ká, àwọn oníṣòwò Jámánì sì ti pẹ́ nínú ọjà wọn. Amẹ́ríkà pàápàá, tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn àtijọ́, kò tíì wọ ogun. Láti 1935 ni àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ti ń ṣe òfin tí kì yóò jẹ́ kí orílẹ̀-èdè wọn kó sínú ìjà àwọn ẹlòmíràn. Síbẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni ẹsẹ̀ wọn ń wọ inú omi. Ní oṣù Máàṣì 1941, wọ́n ṣe òfin láti máa fi ohun ìjà ran Ìlú Ọba lọ́wọ́. Ní ọjọ́ keje oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún náà, àwọn ọkọ̀ òfuurufú Jàpáànù ju bọ́ǹbù sí àwọn ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ní Pearl Harbor. Ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ àìdásíjà parí ní Amẹ́ríkà.

Ẹ wá wo bí iná tí ó ràn ní Òkun Pàsífíìkì ṣe dé Monrovia. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1942, Jàpáànù gba Malaya àti àwọn erékùṣù Indonesia, níbi tí ọ̀pọ̀ jùlọ nínú rọ́bà ayé ti ń wá. Bí kò bá sí rọ́bà, kò sí táyà fún ọkọ̀ ogun. Oko rọ́bà ńlá kan sì wà ní Làìbéríà, ti ilé-iṣẹ́ Firestone, tí ó ti gba ilẹ̀ níbẹ̀ láti 1926. Ibẹ̀ tún ni ọkọ̀ òfuurufú lè bà sí bí ó bá ti Brazil la Òkun Àtìláńtíìkì kọjá. Nítorí náà, ní ọjọ́ 31 oṣù Máàṣì 1942, Làìbéríà bá Amẹ́ríkà ṣe àdéhùn pé kí ó máa lo pápá ọkọ̀ òfuurufú tí a ń pè ní Roberts Field, kí ó sì kó ọmọ ogun sí ilẹ̀ náà. Ẹnu ṣì ń sọ pé a kò dá sí i, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti kúrò ní ojú kan. Ní oṣù Jánúárì 1943, Ààrẹ Roosevelt ti Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ bẹ Làìbéríà wò. Ní ọjọ́ 27 oṣù Jánúárì 1944, lábẹ́ Ààrẹ tuntun, William Tubman, Làìbéríà kéde ogun sí Jámánì àti Jàpáànù.

Ẹ kíyè sí i pé Làìbéríà kò wọlé lọ́wọ́ òfo. Wọ́n gba àdéhùn èbúté tuntun fún Monrovia, a sì ṣí i ní 1948. Nígbà tí a dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀ ní 1945, Làìbéríà wà lára àwọn tí ó fi ọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ oko rọ́bà ni èrè náà dé ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba wọn jókòó níbi tí a ti ń dúnàá-dúrà.

Nàìjíríà kò ní àga níbẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Ní 1941, wọ́n bá àwọn ará Ítálì jà ní Sòmálíà àti Ethiopia. Lẹ́yìn náà ni a kó wọn lọ sí ilẹ̀ Bọ́mà ní Éṣíà, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1942 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 16. Ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ nínú yín nìyẹn. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn aláìsàn ni ó ń ṣe. Ní oṣù Máàṣì 1944, àwọn ọmọ ogun Jàpáànù yọ sí wọn lójijì ní àfonífojì odò Kaladan. Ọ̀pọ̀ kú, ọta ìbọn sì fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ni ó kù sínú igbó, tí wọn kò lè rìn.

Àgbẹ̀ kan ní agbègbè náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shuyiman, ń gbé oúnjẹ wá fún wọn. Nígbà tí ó yá, ó gbé wọn wọ ilé ara rẹ̀, níbi tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wà. Bí àwọn ará Jàpáànù bá mọ̀, ikú ni. Ó pa wọ́n mọ́ títí di oṣù Dìsẹ́ńbà 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tiwọn padà dé. Fadoyebo padà sílé láàyè, ó dàgbà, ó darúgbó, 2012 ni ó sì kú. Ta ni ì bá bá Shuyiman wí bí ó bá sọ pé ìjà òyìnbó àti ará Jàpáànù kò kan òun? Òótọ́ ni pé ìjà náà kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tí ó ń kú lọ lẹ́bàá ọ̀nà ti kan òun.

Nílé, ogun tí a kò gbọ́ ìró ìbọn rẹ̀ dé inú ìkòkò ọbẹ̀. Iyọ̀ wọ́n, ọjà òkèèrè kò wọlé bí ti tẹ́lẹ̀, owó gbogbo nǹkan sì gbé ẹsẹ̀ sókè. Ìjọba fi òfin dá iye owó gààrí àti oúnjẹ mìíràn ní Èkó, ó sì fi òyìnbó kan tí a ń pè ní Ọ̀gágun Pullen ṣe alábòójútó. Iye tí òfin dá kéré ju iye tí àwọn obìnrin fi ń rà á lọ́nà oko lọ. Ní 1944, a kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ King's College kúrò ní ibùgbé wọn kí àwọn ọmọ ogun lè máa gbé ibẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ náà fi ẹ̀hónú hàn, a mú mẹ́jọ nínú wọn wọ iṣẹ́ ológun ní tipátipá. Ọ̀kan kú síbẹ̀.

Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Àwọn ènìyàn wa kò dákẹ́. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n sì kọ ètò Pullen títí ìjọba fi mú un kúrò ní 1945. Ní ọjọ́ 22 oṣù Júùnù ọdún náà, Michael Imoudu àti àwọn òṣìṣẹ́ Rélùwéè wà ní iwájú ìyanṣẹ́lódì ńlá tí ó ju 40 ọjọ́ lọ, nítorí pé owó iṣẹ́ kò tó owó oúnjẹ mọ́. Ohun tí a kò bi wọ́n nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, wọ́n dáhùn rẹ̀ nígbà tí ogun ń parí lọ. Ohùn náà kò sì rọlẹ̀ mọ́ títí a fi gba òmìnira ní 1960.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ṣómólú àti Bàrígà, ilé-ìwòsàn eegun tí ó wà ní Ìgbóbì, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, kò jìnnà sí yín. Ogun yìí ni ó bí i. Ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ogun sọ di aláàbọ̀ ara, kí a tó sọ ọ́ di ilé-ìwòsàn ní oṣù Dìsẹ́ńbà 1945. Ìjà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Pólándì ti fi àpá rẹ̀ sílẹ̀ ní àdúgbò yín.

Kí ni kí á wá rí kọ́? Àìdásíjà méjì ni ó wà. Èkínní ni ti ọlọgbọ́n, tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fi òun ṣe kùmọ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ kan bá wí fún ọ pé, "Máa bọ̀, wọ́n ti fi ojú di ọ̀rẹ́ rẹ," kí wọ́n lè bá ẹgbẹ́ kejì jà ní òpópónà, dúró sí ilé rẹ. Ìjà náà kì í ṣe tìrẹ, ìwọ ni wọn yóò sì fi san gbèsè rẹ̀. Èkejì ni ti ojo, tí ó rí i pé a yí ọmọ kan ká lójú ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, tí ó sì gbé ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Má ṣe èyí láé. Sáré lọ pe olùkọ́, pe àgbàlagbà, gbé ọmọ náà lọ sí ibi ìtọ́jú. Shuyiman kò yìnbọn fún ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ ó gba ẹ̀mí là.

Nítorí náà, ẹ máa ka ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè bí ẹni tí ń wo ojú ọ̀run kí òjò tó dé. Ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ yín dáadáa, kí a lè pè yín síbi tí a ti ń gbèrò ọ̀rọ̀ ìlú, kí ó má ṣe jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò máa dáhùn fún yín. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.