Orísun Ìmìtìtì Kọ́ ni Ojú Ìbàjẹ́: Àtúnyẹ̀wò Ìṣirò Ìgbéró Àpáta ní Kùsà Jíjìn

Láti ìgbà tí Kaiser, McCreath àti Tannant ti gbé ìwé atọ́nà wọn jáde ní Kánádà lọ́dún 1996 ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ẹ̀rọ kùsà ti ń fi agbára tí àpáta yóò gbé jáde bí ó bá fọ́n lára ògiri ihò wé èyí tí ọ̀pá irin àti àwọ̀n irin lè gbà mọ́ra kí wọ́n tó já. Stacey ti Gúúsù Áfíríkà tako èyí, ó ní kò sí èyí tó ṣeé mọ̀ dájú nínú méjèèjì. Àríwísí náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò kan àṣìṣe tó burú jù, èyí tí í ṣe dída orísun ìmìtìtì pọ̀ mọ́ ojú ibi tí àpáta ti bàjẹ́.

Ortlepp, onímọ̀ẹ̀rọ àpáta kan, ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́. Orísun ni ibi tí àpáta ti yẹ̀ nínú ilẹ̀, ó sì lè jìnnà sí ihò gan-an. Ojú ìbàjẹ́ ni ara ihò tí àwọn awakùsà ń gbà kọjá. Bí orísun bá jìnnà, ìgbì ló ń gbé agbára wá, a sì lè fi títóbi ìmìtìtì àti jíjìnnà rẹ̀ fojú díwọ̀n eré tí àpáta yóò fi jáde. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ìfúnpá tó há sínú ògiri náà fúnra rẹ̀ ló fọ́ ọ, orísun àti ojú ìbàjẹ́ ti di ọ̀kan, eré náà kì í sì í ṣe ti ìgbì nìkan mọ́. Ìyàtọ̀ eré yìí kì í ṣe kékeré: àpáta tó nípọn mítà kan, tí ó wọ̀n 2,700 kìlógíráàmù lórí mítà kan níbùú-lóòró, yóò gbé nǹkan bíi kìlójúùlù 12 bí ó bá jáde ní mítà 3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí eré náà bá di mítà 6, agbára náà yóò di nǹkan bíi kìlójúùlù 49.

Títóbi ìmìtìtì nìkan kò sì lè sọ bí ìbàjẹ́ yóò ṣe tó. Ní kùsà Beaconsfield, ní Tasmania, ìmìtìtì tí títóbi rẹ̀ kò ju 2.3 lọ pa awakùsà kan ní oṣù kẹrin ọdún 2006, ó sì sé àwọn méjì mọ́ ìsàlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní kùsà Kiruna, ní Sweden, èyí tó tó 4.9 wáyé ní oṣù karùn-ún ọdún 2020 láìpa ẹnikẹ́ni. Lóòótọ́, àpáta kùsà méjèèjì kò dọ́gba, nítorí náà ìfiwéra yìí lè má tó ẹ̀rí; síbẹ̀, ẹni tó ń fi títóbi nìkan ṣírò kò lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà.

Ní ti ohun èlò, ọ̀pá D tí Li ṣe ní Norway, èyí tí ń nà kí ó tó já, sàn ju ọ̀pá líle lọ, ṣùgbọ́n àwọ̀n tó wà láàárín àwọn ọ̀pá ló sábà máa ń kọ́kọ́ ya, nítorí náà yíyege ọ̀pá nìkan kò tó.

Kò yẹ, nígbà náà, kí a tẹ́wọ́ gba ìṣirò kankan fún kùsà jíjìn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ sọ bí orísun ṣe jìnnà sí ojú ìbàjẹ́ tó, ìbáà ṣe pé gbogbo ìdánwò ọ̀pá irin rẹ̀ yege.