Tíìkì Ìbàràpá: Ọmọ Ta Ni?



Ẹni tó bá ti rin àgbègbè Ẹ̀rúwà rí á mọ igi kan tó ga gbọọrọ, tí ewé rẹ̀ fẹ̀ bí àtẹ. Tí ẹ bá fọwọ́ ra ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, àtẹ́lẹwọ́ yín á pupa bí ẹni pé ẹ kun osùn. Tíìkì nìyẹn. Àwọn kan ń pe ewé rẹ̀ ní ewé gẹdú, wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Ó ti mọ́ wa lára débi pé èèyàn á rò pé àwọn baba ńlá wa bá a níbí ni. Rárá o, àlejò ni.

Ọdún 1902 ni wọ́n kọ́kọ́ gbìn ín ní Nàìjíríà, ní igbó ọba Olókèméjì létí odò Ògùn, tí kò jìnnà sí Ẹ̀rúwà rárá. Rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn, tó parí ní 1901, gba ibẹ̀ kọjá. Ìwé ìjọba sọ pé Íńdíà ni irúgbìn àkọ́kọ́ ti wá, pé ti Burma tẹ̀ lé e. Èyí bọ́gbọ́n mu: H. N. Thompson, tó di ọ̀gá iṣẹ́ igbó ní Gúúsù Nàìjíríà ní 1903, ti ṣiṣẹ́ igbó ní Burma kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Àmọ́ Íńdíà tóbi. Apá ibo ni nínú rẹ̀?

Ibí ni DNA ti wọlé. Nínú DNA igi, àwọn ibì kan wà tí lẹ́tà bíi méjì tàbí mẹ́ta ń tún ara wọn sọ, bí onílù tó ń lu ohùn kan náà léraléra. Igi kan lè lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí òmíràn lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá. Ọmọ á mú iye kan lọ́dọ̀ ìyá, iye kan lọ́dọ̀ bàbá. Tí ẹ bá ka ọ̀pọ̀ irú ibẹ̀ pọ̀, ó dà bí oríkì orílẹ̀: igi ò lè fi ilé bàbá rẹ̀ pa mọ́.

Ní 2010, àwọn onímọ̀ tẹ àbájáde irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jáde. Wọ́n fi tíìkì Áfíríkà wé ti igbó àdáyébá ní Íńdíà, Thailand àti Laos. Ọ̀pọ̀ jù lọ tíìkì Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló bá ti àríwá Íńdíà tan. Ó yà mí lẹ́nu, torí gúúsù, ní Nilambur, ni oko tíìkì tó lókìkí jù ní Íńdíà wà, wọ́n ti ń gbìn ín níbẹ̀ láti ọdún 1840 sókè.

Ẹ̀jẹ̀ tíìkì Íńdíà yàtọ̀ síra ju ti Thailand àti Laos lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìyàtọ̀ yẹn ló wọkọ̀ òkun wá. Ìwọ̀nba àpò irúgbìn ló dé. Lẹ́yìn náà, ọmọ wọn ni a ń ṣà, a tún ń ṣa ọmọ ọmọ wọn. Ẹni tó bá ṣa gbogbo irúgbìn rẹ̀ lábẹ́ igi kan ṣoṣo, ọmọ ìyá kan náà ló kún oko rẹ̀. Ìgbò-Ọrà fẹ́ràn ìbejì lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú oko, àìsàn tó bá mú ọ̀kan lè mú gbogbo ẹbí.

Nísinsìnyí Íńdíà náà ló ń ra gẹdú tíìkì jù lọ́wọ́ Gánà àti Benin. Igi ń padà sílé ìyá rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti gé e. Oko tuntun sì ń wá irúgbìn. Tí ẹ bá fẹ́ ra tíẹ̀ yín, ẹ bi ẹni tó ń tà á pé: igi mélòó lo ṣa èyí lábẹ́ wọn?