ILÉ ÌGBÌMỌ̀ AṢÒFIN WÉLSÌ: ÌNÁWÓ ÀTI ÒṢÌṢẸ́ RẸ̀

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Wélsì, tí à ń pè ní Senedd lónìí, ni àwọn ará Wélsì, ọmọ ilẹ̀ olókè àti olórin lábẹ́ Ìjọba Bìrìtéènì, fi ń ṣe àkóso ara wọn láti ọdún 1999, lẹ́yìn tí ìdá 50.3 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò ti fọwọ́ sí i ní 18 Oṣù Kẹsàn-án, 1997. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké; bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣàkóso ara ẹni ṣe ń gba owó àti òṣìṣẹ́. Aṣòfin 60 ni a kọ́kọ́ yàn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀ràn Wélsì tẹ́lẹ̀ ni a sì fà lé Ilé náà lọ́wọ́, títí Òfin ọdún 2006 fi ya àwọn tí ń sin àwọn mínísítà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ń sin àwọn aṣòfin. Nítorí pé èdè Wélsì àti Gẹ̀ẹ́sì jọ ní ẹ̀tọ́ kan náà níbẹ̀, dandan ni owó àwọn ògbufọ̀, tí ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ bí ó ti ń jáde lẹ́nu. Gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ tí ó wà ní Cardiff, tí a kọ́kọ́ fojú bù sí mílíọ̀nù 12 pọ́n-ùn, gba mílíọ̀nù 69.6 kí Ọbabìnrin Elizabeth Kejì tó ṣí i ní 1 Oṣù Kẹta, 2006. Àpò ìṣúra Lọ́ńdọ́nù ni ọ̀pọ̀ owó tí ìjọba Wélsì ń ná ti ń wá. Òfin ọdún 2024 sọ aṣòfin di 96 láti ìdìbò 2026, kí ojú tí ń ṣọ́ owó ìlú lè pọ̀ sí i.