Kíkọ́ǹpáìlì libcurl pẹ̀lú àtìlẹ́yìn TLS

Kíkọ́ǹpáìlì libcurl pẹ̀lú àtìlẹ́yìn TLS ni iṣẹ́ sísọ kóòdù orísun libcurl di láíbìrárì tí kọ̀ǹpútà lè lò, lọ́nà tí yóò fi lè gba dátà, tí yóò sì lè fi dátà ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ìpàrokò. Láíbìrárì nínú èdè àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà kì í ṣe ilé ìkàwé; àkójọ iṣẹ́ tí a ti kọ sílẹ̀ ni, tí ètò mìíràn lè pè nígbà tí ó bá nílò rẹ̀. Ìpàrokò ni yíyí ọ̀rọ̀ padà kí ó má baà yé ẹnikẹ́ni àfi ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. TLS ni ìlànà tí ó ń ṣètò ìpàrokò yìí láàrin ẹ̀rọ méjì, òun sì ni lẹ́tà s tí ó wà ní ìparí https ń tọ́ka sí.

Libcurl fúnra rẹ̀ kì í pa àrokò. Ó ń gbé iṣẹ́ náà lé láíbìrárì mìíràn lọ́wọ́, bíi OpenSSL, GnuTLS, wolfSSL, mbedTLS, tàbí Schannel tí ó bá Windows wá. Ẹni tí ó ń kọ́ǹpáìlì ni yóò yan èyí tí yóò lò. Nítorí náà, iṣẹ́ náà lè parí láìsí àṣìṣe kankan, síbẹ̀ kí láíbìrárì tí a rí gbà má lè ṣí ojú-ewé https kan ṣoṣo.

Ìtàn

Inú ètò kékeré kan tí ń jẹ́ httpget, èyí tí Rafael Sagula ọmọ ilẹ̀ Brasil kọ, ni curl ti wá. Ní ọdún 1996, Daniel Stenberg, ọmọ ilẹ̀ Swídìn, ń wá ọ̀nà láti máa gba iye pàṣípààrọ̀ owó láti orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ètò kan tí ó ń dá àwọn ènìyàn lóhùn lórí IRC. Httpget ni ó mú, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣe. Orúkọ rẹ̀ yí padà sí urlget, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1998, ó di curl. Nínú ọdún yẹn kan náà ni a fi àtìlẹ́yìn SSL, tí í ṣe aṣíwájú TLS, kún un nípasẹ̀ SSLeay, iṣẹ́ Eric Young àti Tim Hudson. Kí ọdún náà tó parí, OpenSSL ti jáde láti inú SSLeay. Ní ọdún 2000 ni a ya libcurl sọ́tọ̀ kí àwọn ètò mìíràn lè máa lò ó.

Ohun tí a nílò

Lórí Debian àti Ubuntu, a nílò build-essential, èyí tí kọ́ǹpáílà èdè C wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú pkg-config, libpsl-dev àti libssl-dev. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láàmú jù. Wọn a rí i pé OpenSSL ti wà lórí kọ̀ǹpútà wọn, síbẹ̀ configure a ní òun kò rí i. Ohun tí ó fà á ni pé èyí tí ó wà lórí ẹ̀rọ jẹ́ apá tí àwọn ètò ń lò nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Àwọn fáìlì tí kọ́ǹpáílà ń kà kí ó lè mọ àwọn iṣẹ́ tí OpenSSL ní wà nínú àpò tí orúkọ rẹ̀ parí sí -dev. Fedora ń pe tirẹ̀ ní openssl-devel.

Yíyan láíbìrárì ìpàrokò

Lẹ́yìn tí a bá ti tú kóòdù orísun jáde, a ó wọ inú fódà rẹ̀ nínú tẹ́mínàlì, a ó sì pa àwọn àṣẹ wọ̀nyí:

./configure --with-openssl --prefix=$HOME/curl
make
make test
make install

Àṣẹ àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láyé àtijọ́, configure fúnra rẹ̀ ni ó máa ń wá OpenSSL kiri. Bí kò bá rí i, yóò kọ ìkìlọ̀ kan sáàrin ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlà tí ó ń sáré kọjá, yóò sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ni kì í rí ìkìlọ̀ náà. Láti ẹ̀dà 7.77.0, tí ó jáde ní oṣù Kàrún-ún ọdún 2021, configure kì í tẹ̀síwájú mọ́ àfi bí a bá dárúkọ láíbìrárì tí a fẹ́, tàbí kí a kọ --without-ssl láti fi hàn pé a mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ ọ́ ni. Àtúnṣe náà ba ọ̀pọ̀ ìwé ìtọ́ni àtijọ́ jẹ́, ṣùgbọ́n ó tọ́: ohun tí ó kan àṣírí ènìyàn kò yẹ kí ó sinmi lórí oríire.

Lílo --prefix láti fi láíbìrárì tuntun sí fódà ọ̀tọ̀ dára ju kí a gbé e lé orí èyí tí ó bá ètò ìṣiṣẹ́ wá, nítorí pé àwọn ètò mìíràn lórí ẹ̀rọ gbára lé ti àkọ́kọ́.

Àyẹ̀wò

Àṣẹ $HOME/curl/bin/curl -V ni a fi ń yẹ iṣẹ́ náà wò. Orúkọ OpenSSL àti ẹ̀dà rẹ̀ gbọ́dọ̀ hàn ní ìlà àkọ́kọ́, kí https sì wà lára àwọn ìlànà tí a tò sí iwájú Protocols. Bí kò bá sí níbẹ̀, ìgbìyànjú láti ṣí ojú-ewé https yóò já sí àṣìṣe nọ́ńbà 1, tí ó túmọ̀ sí pé libcurl kò mọ irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Bí ìkìlọ̀ bá jáde pé ẹ̀dà curl àti ti libcurl kò bára mu, a jẹ́ pé láíbìrárì àtijọ́ ni ètò tuntun náà ń lò. Àṣẹ ldd yóò fi ibi tí ó ti ń mú un hàn.

Ìwé-ẹ̀rí

Ìpàrokò nìkan kò tó. Bí a bá pa àrokò ránṣẹ́ sí olè, olè náà ni yóò tú u. Ìdí nìyí tí libcurl fi ń yẹ ìwé-ẹ̀rí sáfà wò, tí ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé a ní kí ó ṣe é, láti ẹ̀dà 7.10 ti ọdún 2002. Àkójọ àwọn àjọ tí a fọkàn tán láti fúnni ní ìwé-ẹ̀rí ni ó fi ń ṣe ìyẹ̀wò. Lórí Debian, inú /etc/ssl/certs/ca-certificates.crt ni ó wà. Bí àkójọ náà kò bá sí níbi tí libcurl ń wò, àṣìṣe ni a ó rí, --with-ca-bundle sì ni a fi ń tọ́ configure sí ibi tí ó wà. Àwọn mìíràn a máa yan ọ̀nà ẹ̀bùrú: wọn a fi CURLOPT_SSL_VERIFYPEER sí 0. Àṣìṣe náà yóò lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ààbò bá a lọ.

CURLOPT_SSL_VERIFYHOST ni ó ní ìtàn tí ó yani lẹ́nu jù. Iye tí ó tọ́ fún un ni 2. Ọ̀pọ̀ olùkọ ètò, pàápàá àwọn tí ń lo PHP, rò pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó ń bèèrè, wọ́n sì fi true síbẹ̀, èyí tí ó dọ́gba pẹ̀lú 1. Ohun tí 1 túmọ̀ sí nígbà náà ni kí libcurl wò ó bóyá orúkọ kan wà nínú ìwé-ẹ̀rí, láìwò ó bóyá orúkọ náà ni ti sáfà tí à ń wá. Ó dà bí ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè tí ó ń bi àlejò bóyá ó ní orúkọ, tí kò bi í pé kí ni orúkọ náà. Àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Texas ní Austin àti Yunifásítì Stanford tú u síta nínú ìwé kan ní ọdún 2012, àti ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ẹ̀dà 7.28.1 kọ̀ láti gba 1 mọ́.

Ìtọ́jú

Ẹni tí ó bá kọ́ǹpáìlì libcurl fúnra rẹ̀ ti gba iṣẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣètò Debian tàbí Fedora. Bí àbùkù kan bá hàn, apt kò ní tún ẹ̀dà tí ó wà nínú $HOME ṣe. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, àbùkù tí a pè ní Heartbleed hàn nínú OpenSSL 1.0.1 títí dé 1.0.1f. Nípasẹ̀ rẹ̀, àjèjì lè ka ohun tí ó tó kílóbáìtì 64 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ìrántí ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ìwọlé àti kọ́kọ́rọ́ àṣírí sì lè wà lára rẹ̀. 1.0.1g ni ó wo àbùkù náà sàn. Fún àwọn ètò tí ń pe OpenSSL láti ìta nígbà tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, fífi èyí tuntun rọ́pò ti àtijọ́ àti títún ètò náà bẹ̀rẹ̀ ti tó láti dí ihò náà. Àwọn tí a so OpenSSL mọ́ inú wọn pátápátá nígbà ìkọ́ǹpáìlì wà nínú ewu títí tí ẹnìkan fi tún wọn kọ́ǹpáìlì.

Lórí Windows, a lè yẹra fún apá kan nínú ìṣòro yìí nípa lílo CMake pẹ̀lú -DCURL_USE_SCHANNEL=ON. Àkójọ ìwé-ẹ̀rí ti Windows fúnra rẹ̀ ni libcurl yóò máa lò nígbà náà, Windows Update ni yóò sì máa tún Schannel ṣe. Libcurl nìkan ni yóò kù fún oníkọ̀ǹpútà láti máa sọ dọ̀tun.