Òkè Himalaya àti Ilẹ̀ Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn òkè Himalaya, kó má tẹjú mọ́ ṣóńṣó orí rẹ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ ohun tó ti fìgbà kan wà lókè níbẹ̀ ni òjò, yìnyín àti odò ti fọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ òkè ni ẹ̀rí wọn wà, nínú iyanrìn àti ẹrẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó lọ láti Pakistan dé Bangladesh.

Ní nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ilẹ̀ Íńdíà tó ti ń rìn bọ̀ láti gúúsù kọlu ilẹ̀ Éṣíà, òkun Tethys tó wà láàárín wọn sì pa dé. Àpáta ń gun àpáta, òkè ń ga, ó sì ń wúwo sí i. Ẹrù yìí tẹ etí ilẹ̀ Íńdíà wálẹ̀, bí pákó ṣe ń tẹ̀ tí a bá gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé etí rẹ̀. Ibi tó tẹ̀ yẹn di kòtò gígùn níwájú òkè. Òkè ló dá kòtò náà sílẹ̀, erùpẹ̀ ara òkè náà ló sì ń dí i.

Nínú àwọn ìpele erùpẹ̀ tó dí kòtò náà, ìpele Subathu tó wà nísàlẹ̀ kún fún ìkarahun ohun abẹ̀mí inú òkun: omi iyọ̀ ló kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Nígbà tó yá, omi iyọ̀ fà sẹ́yìn, erùpẹ̀ pupa àti iyanrìn odò sì gba ipò rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ìpele Siwalik, tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 18 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n sì nípọn tó kìlómítà 5 láwọn ibì kan. Àwọn ló wù mí jù. Nísàlẹ̀, amọ̀ àti iyanrìn kíkúnná ni; láàárín, iyanrìn tó ki; lókè, òkúta róbótó-róbótó tí odò ti yí títí tó fi dán. Odò tó ń yí irú òkúta bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lágbára, kò sì lè jìnnà sí òkè. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ka àpáta yìí láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ń rí bí òkè ṣe ń sún mọ́ tòsí. Inú wọn náà ni àwọn olùwádìí méjì, Hugh Falconer àti Proby Cautley, ti wa egungun erin àti erinmi jáde láwọn ọdún 1830.

Òkè kò sì tíì dúró. Ó ti ká àwọn ìpele Siwalik fúnra wọn sókè di òkè kéékèèké, kòtò sì ti sún sí gúúsù, níbi tí odò Ganga ń gbà kọjá lónìí. Kosi wà lára àwọn odò tó ń kó ẹrẹ̀ wá síbẹ̀. Wọ́n mọ ògiri erùpẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ẹrẹ̀ wá há sáàárín, ó gbé ìsàlẹ̀ odò ga. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 2008, ògiri náà ya ní Kusaha ní Nepal. Omi gba ojú ọ̀nà tí odò ti fi sílẹ̀ tipẹ́, ó sì kan àwọn èèyàn tó ju mílíọ̀nù 2 lọ ní ìpínlẹ̀ Bihar ní Íńdíà. Kí àwọn tó ń ṣètò odò yìí máa ṣírò ẹrẹ̀ mọ́ omi.