Ta Ló Ni Àyè Tó Kù?

Ohun tó máa ń ya àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ níṣẹ́ ìtọ́jú Linux lẹ́nu jù ni pé dísìkì lè kún fún wọn, kó má sì tíì kún fún root, ìyẹn ọ̀gá pátápátá orí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á ní kò sáyè mọ́, wọn ò ní lè fi ìlà kan péré kún fáìlì wọn, àmọ́ ẹni tó bá wọlé bíi root á máa kọ tirẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. "Ọ̀gá, ìrẹ́jẹ rèé o," ni wọ́n máa ń wí. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó rẹ́ wọn jẹ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ àyè àti ọ̀rọ̀ àṣẹ ti so kọ́ra lórí irú ẹ̀rọ yìí, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ìdí tí root fi lágbára tó bẹ́ẹ̀ ní láti mọ bí àyè ṣe wọ́n tó láyé ọjọ́un.

Ní 1969, ní Bell Labs tó wà ní Murray Hill, ìpínlẹ̀ New Jersey l'Amẹ́ríkà, Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix, èyí tí Linux fara wé, lórí ẹ̀rọ PDP-7 kan. Nígbà tí ìwé ìlò rẹ̀ àkọ́kọ́ fi máa jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1971, wọ́n ti kó o lọ sórí PDP-11. Mo máa ń ṣí ìwé yẹn fáwọn ọmọ náà. Ẹ ó rí df níbẹ̀, tó ń sọ iye àyè tó ṣẹ́ kù. Ẹ ó rí du, tó ń tú àṣírí fódà tó jẹ àyè. Ẹ ó sì rí su, tó ń sọ èèyàn di ọ̀gá pátápátá, ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0, tí ẹ̀rọ kì í bi léèrè pé ta ló fún un láṣẹ. Inú ìwé kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà láti ìbẹ̀rẹ̀, a ò sì tíì fi wọ́n sílẹ̀ dòní.

Dísìkì tí wọ́n ń lò nígbà yẹn kò gbà tó mẹ́gábáìtì 3. Fọ́tò kan ṣoṣo tí fóònù yà lónìí lè má wọ inú rẹ̀. Nígbà tí dísìkì àkọ́kọ́ kún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ètò tí kò ráyè ní /bin lọ sórí dísìkì kejì, níbi tí fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ wà, ìyẹn /usr. Bí /usr/bin ṣe dáyé nìyẹn. Àwọn tó dé lẹ́yìn wá ń fi ọgbọ́n ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì, bí ẹni pé wọ́n jókòó gbèrò rẹ̀ ni. Fedora, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, pa wọ́n pọ̀ ní 2012. Ó di 2023 kí ẹ̀yà mìíràn, Debian 12, tó parí tirẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni ti chown, àṣẹ tí a fi ń gbé fáìlì kúrò lórúkọ ẹnì kan sí ti ẹlòmíràn. Lórí Linux, root nìkan ló lè ṣe é. Fáìlì rẹ ni o, ìwọ lo kọ ọ́, o ò sì lè fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ! Ìwé ìlò Unix Ẹ̀dà Keje, ti 1979, sọ ìdí rẹ̀: bí àwọn èèyàn bá lè fi fáìlì tọrẹ, wọ́n á máa fi sá fún ìṣirò àyè tí kálukú ń jẹ. Ìwé kan náà sì jẹ́wọ́, láìbojú wẹ̀yìn, pé ìṣirò ọ̀hún kò tíì sí. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó kọ́lé! Robert Elz, ní Yunifásítì Melbourne l'Ọsirélíà, ló wá kọ́ ilé náà, ètò tó ń fún kálukú ní ìwọ̀n àyè tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ó wọ inú 4.2BSD, ẹ̀dà Unix ti Yunifásítì Berkeley, ní 1983.

Inú 4.2BSD yẹn náà ni Marshall Kirk McKusick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley ti ṣe ohun tó ń bí àwọn ọmọ mi nínú. Wọ́n rí i pé bí dísìkì bá ti fẹ́ kún tán, fáìlì tuntun á máa fọ́n káàkiri síbi tó bá ráyè, ẹ̀rọ á sì máa falẹ̀. Ni wọ́n bá ya ìdá 10 nínú 100 sọ́tọ̀, tó jẹ́ pé ọ̀gá pátápátá nìkan ló lè wọ ibẹ̀. Nígbà tí Rémy Card àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ext2, ètò tó ń to fáìlì sórí dísìkì, jáde fún Linux ní 1993, wọ́n mú àṣà náà, wọ́n dín in kù sí 5, ext4 tí à ń lò lónìí sì jogún rẹ̀. Bí àgbẹ̀ ṣe ń ya èbù sọ́tọ̀ lọ̀rọ̀ náà rí. Bí fáìlì àkọsílẹ̀ bá wú lóru tó kún ibi gbogbo, root á ṣì ráyè wọlé, á ráyè kó ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n àwọn tó mú 5 kò rí dísìkì tẹ́rábáìtì 4 rí, níbi tí ìdá 5 ti jẹ́ gígábáìtì 200. Lórí dísìkì tó jẹ́ pé fídíò nìkan ni mò ń kó síbẹ̀, tune2fs -m 1, tó ń sọ ìdá náà di 1, ni mo máa ń tẹ̀, mi ò sì ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń gbé inú rẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbà kí àṣẹ wà lọ́wọ́ ìwọ̀nba èèyàn. Unix ti Berkeley ní ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ wheel. Ẹni tí kò bá sí nínú rẹ̀ kò lè lo su láti di root, bó tilẹ̀ mọ páásíwọ́ọ̀dù. Richard Stallman, tó dá iṣẹ́ GNU sílẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé ìlò su tiwọn pé òun ò ní fi wheel sí i. Ó ní ní 1984, ní yàrá ìwádìí AI ní MIT, àwọn kan yí páásíwọ́ọ̀dù alábòójútó padà, wọ́n fi pamọ́ fáwọn yòókù kí wọ́n lè máa jọba lé wọn lórí, òun ló sì dojú ìjọba ọ̀hún dé. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá náà, àmọ́ a ò jọ rí èyí bákan náà. Ẹni tó bá ti tọ́jú ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ jọ ń lò ti rí ohun tí rm, àṣẹ tó ń pa fáìlì rẹ́, lè fojú èèyàn rí.

Sudo ló bá mi lára mu. Bob Coggeshall àti Cliff Spencer ló kọ ọ́ ní nǹkan bí 1980, lórí VAX-11/750 kan ní yunifásítì ìpínlẹ̀ New York tó wà ní Buffalo: àṣẹ kan fún iṣẹ́ kan, pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù tìrẹ fúnra rẹ, kí orúkọ rẹ sì wà lákọsílẹ̀. Nígbà tí Ubuntu, ẹ̀yà Linux kan, jáde ní oṣù kẹwàá 2004, wọ́n ti root pa pátápátá, sudo nìkan ló kù. Títí di 2011 ni wọ́n ń fi CD rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá béèrè, títí dé Nàìjíríà níbí. Láyé tí dátà wọ́n bí ojú yẹn, CD inú àpò páálí yẹn ló kó ọ̀pọ̀ nínú wa wọ Linux, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ wa ò fi mọ páásíwọ́ọ̀dù root rí.

Bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé sudoers bá dán sudo wò, àwọn ẹ̀dà rẹ̀ tó ti pẹ́ díẹ̀ máa ń kìlọ̀ fún un pé wọ́n á fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ẹ̀rù a máa ba àwọn ọmọ náà, àfi bíi pé ọlọ́pàá ń bọ̀. Root gan-an ni wọ́n ń fẹjọ́ sùn fún: bí ètò ìfilẹ́tà bá wà lórí ẹ̀rọ, lẹ́tà á wọ àpótí rẹ̀ níbẹ̀. Ta ló sì ń ṣí àpótí ẹni tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa? Wọ́n pè mí síbi ẹ̀rọ kan rí tí /var rẹ̀ kún dẹ́nu. Mo tẹ du, ó ní àpótí lẹ́tà root ló jẹ àyè jù, ẹjọ́ sudo àti ìròyìn lóríṣiríṣi láti ọ̀dọ̀ cron, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ lákòókò tí a dá fún un, kò sẹ́ni tó ka ọ̀kan rí.