Ẹ̀jẹ̀ dá, ogun kò tíì parí

Ìtàn ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n ó kan ọmọ tí zemidjan gbá àti ọmọ tí omi gbígbóná dà sí lára.

Ní 1882, ní Messina ní Ítálì, ọ̀mọ̀wé ará Rọ́ṣíà kan, Metchnikoff, fi ẹ̀gún òdòdó gún ọmọ ẹranko òkun kan tó rí bí ìràwọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rí i pé àwọn nǹkan tíntìntín inú ara rẹ̀ ti rọ̀gbà yí ẹ̀gún náà ká. Ara ní sójà tirẹ̀! Àwa náà ní wọn: sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ wa ni.

Ní 1972, dókítà mẹ́ta, Kerr, Wyllie àti Currie, kọ̀wé nípa irú ikú kan tí wọ́n rí nínú sẹ́ẹ̀lì. Àkókò rẹ̀ á pé, á ká ara rẹ̀ kò, á fọ́ wẹ́wẹ́, àwọn aládùúgbò rẹ̀ á sì gbé e mì láìsí ariwo. Wọ́n fi èdè Gíríìkì pè é ní apoptosis, ìyẹn ni kí ewé máa já bọ́ lára igi, bíi ti ìgbà ọyẹ́. Ikú yìí dára: òun ló ń jẹ́ kí ti ogbó kúrò fún ti tuntun.

Àmọ́ àwọn tó tẹ̀ lé wọn yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó fara pa gan-an wò, àti ti àwọn tí iná jó púpọ̀. Wọ́n rí i pé láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn sójà tó mọ kòkòrò àìsàn dáadáa ń já bọ́ kí àkókò wọn tó pé. Àwọn sójà mìíràn, tó yẹ kó tètè kú, á kọ̀, wọn ò ní kú. Wọ́n á máa jà kiri, wọ́n á ba ẹ̀dọ̀fóró onílé fúnra rẹ̀ jẹ́. Bí ọdẹ tó mọ olè bá fi ọjà sílẹ̀, ṣé olè ò ní wọlé?

Ìdí nìyí tí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dá, tó ti ń jẹun, fi lè dédé dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Wọ́n á ní ayé ló ṣe é. Rárá o, ẹ̀yin ìyá mi, kòkòrò ló rí ọ̀nà wọlé.

Nítorí náà, ẹ má tìtorí pé ẹ̀jẹ̀ dá gbé aláìsàn sá kúrò ní ilé ìwòsàn. Ẹ má fi ìgbẹ́ màlúù, epo ọkọ̀ tàbí ewé sí ojú ọgbẹ́. Ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bí ara bá gbóná, tí èémí ń yára, tí ìtọ̀ dín kù, tàbí tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò yéni mọ́, ẹ gbé e padà kíákíá, ì báà ṣe òru.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí ẹ jọ ń tajà.